Nítorí Gáàsì Tí Kò Tán

Mi ò ní dárúkọ òpópónà tí ilé náà wà fún yín. Ìsàlẹ̀ Èkó ò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá là á sílẹ̀ jù, ẹnì kan nínú ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí á pàtẹ́wọ́, á ní, "Ìyàwó Alhaji Jíbrílù mà nìyẹn." Mi ò kì í ṣe ìyàwó Alhaji Jíbrílù mọ́. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé, tàbí tó ń palẹ̀ mọ́ láti rà á, lè fi tèmi ṣọgbọ́n.

Lọ́dún tí owó Ùdọ́jì, àfikún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, jáde, tí gbogbo Èkó ń ra nǹkan bí ẹni pé ọjà fẹ́ parẹ́, ọkọ mi náà ra ẹ̀rọ kan. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, ó ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Marina, kò sì fẹ́ kí ohun tí àwọn akọ̀wé ń rà wọ́n òun. Wọ́n lu ihò sí ògiri yàrá wa lókè, wọ́n ti ẹ̀rọ náà bọ̀ ọ́, ìdí rẹ̀ yọ síta sórí ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ilé wa àti ilé kejì.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ìyá ọkọ mi máa ń jókòó. Màmá ti dàgbà, ojú ti ń ṣe bàìbàì, kò sì fẹ́ràn inú ilé. Bó bá ti kírun àárọ̀ tán, ó di orí àpótí rẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, omi ẹ̀rọ á máa kán tó, tó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá jókòó síbẹ̀ ná.

Alhaji fẹ́ràn mi. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òun ló ń dùn mí jù títí dòní. Ohun kan ṣoṣo tí kò fún mi ni àyè láti tajà. Gààrí Ìjẹ̀bú ni ìyá mi ń tà ní Èbúté Èrò, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo mọ adùn kí èèyàn máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa owó. Nígbà tí mo bí Sùrájù ọmọ mi, tó sì ti ń rìn, mo ní kí Alhaji bá mi wá ìsọ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tèmi, ní Èbúté Èrò? Kí lo fẹ́ tí mi ò rà fún ọ?"

Òótọ́ ni, kò sí ohun tí kò rà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n ń ra gbogbo nǹkan fún, bó bá fẹ́ jẹ ẹ̀pà, ó dìgbà tó bá tọrọ. Ìyẹn ń bí mi nínú ju bó ti yẹ lọ.

Nígbà tí ooru mú, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Alhaji ní kí n wá ẹni tó lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún mi.

"Ọkùnrin àjèjì ò gbọdọ̀ wọ yàrá tí mo ń sùn, Àdìjátù. Kó ti ìta ṣe é."

Bó ṣe di ti àkàbà nìyẹn. Lùkúmọ̀n, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Ìdúmọ̀tà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹnjiníà, gbé àkàbà ti ògiri, ó gùn ún dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Èmi wà nínú yàrá. Òun ló ń sọ ohun tí mo máa ṣe láti àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà: kí n ṣí ojú rẹ̀, kí n fa asẹ́ inú rẹ̀ yọ.

"Ẹ gbé e sókè kí n rí i."

Mo gbé e sókè. Eruku ti di asẹ́ náà pa, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ ìhà kejì.

"Ìdọ̀tí lásán ni, Ìyá Sùrájù. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, èmi náà á fọ ẹ̀yìn rẹ̀ níbí. Bí ẹ bá ń fọ̀ ọ́ lóṣooṣù, ẹ ò ní í nílò mi."

"Èló ni?"

"Náírà mẹ́rin tó mi."

Ẹ wò ó, ọkùnrin yẹn ò bá tolè wá. Èmi ni mo bi í ní ohun tí kò bi mí.

"Tó bá jẹ́ pé ó bàjẹ́ gan-an ńkọ́? Èló lẹ máa ń gbà?"

"Ó dọwọ́ ohun tó bá ṣe é. Bí gáàsì bá jò lọ, tí a fẹ́ dí ihò, ká tún rọ òmíràn sí i, ó lè tó ogójì náírà."

Mo ń gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà Màmá ṣe ń kan ara wọn nísàlẹ̀.

"Bí mo bá sọ fún Alhaji pé gáàsì ló tán ńkọ́?"

Lùkúmọ̀n wò mí, ó wo ìsàlẹ̀ àkàbà, ó tún wò mí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ o, Ìyá Sùrájù," ó ní. "Èmi ò sọ nǹkan kan."

Nígbà tí Alhaji dé, mo gbé omi fún un, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Gáàsì ti tán." Kò bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Karosíìnì ń tán nílé, iyọ̀ ń tán, kí ló dé tí gáàsì ò ní tán? Ó ka ogójì náírà lé mi lọ́wọ́. Mo san ti Lùkúmọ̀n, a pín èyí tó kù. Mo kó tèmi lọ fún ìyá mi kó fi kún ọjà, mo ní ọkọ mi ló fi ránṣẹ́. Ìyá mi gbàdúrà fún un títí ojú fi tì mí.

Ibí yìí ni kí ẹ̀yin onílé ti tẹ́tí sí mi. Gáàsì inú ẹ̀rọ amúlétutù kì í tán bí karosíìnì ti ń tán. Inú páìpù tí wọ́n dí pinpin ló wà, yíyí ló ń yí ká ibẹ̀, kò síbi tó ń lọ. Bó bá dín, ihò wà níbì kan, ẹni tó bá sì rọ òmíràn sí i láì dí ihò náà, omi ló ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ò mọ̀. Nínú wa mẹ́ta, òun nìkan ni kò mọ̀.

Oyin ni ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì dùn díẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fi asẹ́ sílẹ̀ láìfọ̀, kí ẹ̀rọ má lè tutù mọ́. Alhaji á ní, "Ooru yìí tún ti dé," èmi á ní, "Gáàsì ti tán," Lùkúmọ̀n á gbé àkàbà rẹ̀ dé. Bó ṣe di pé kò gbé àkàbà náà lọ mọ́ nìyẹn. Ó fi ṣéènì dè é mọ́ òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, bí ìgbà tí ilé jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn obìnrin tí à ń jọ pọn omi nídìí ẹ̀rọ omi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ bí mo bá gbé korobá mi dé. Mo rò pé wọ́n ń jowú ẹ̀rọ wa ni. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń ká aṣọ, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àkàbà. Mi ò ránṣẹ́ pè é.

"Lùkúmọ̀n, ta ló pè yín?"

"Gáàsì ti tán," ó ní.

"Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ ọ, ó ń tutù."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yí nǹkan kan. Mo gbọ́ ṣíì, ṣíì, ó pẹ́ kó tó dákẹ́. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí mi lára bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ó ti tán báyìí," ó ní. "Lọ sọ fún ọkọ ẹ."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Kò ní, "Ẹ lọ sọ fún ọkọ yín." Láti ọjọ́ tó ti ń wá, "ẹ" ló ń bá mi sọ, bó ti yẹ kí ọmọlúàbí bá ìyàwó ilé sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn ló já "ẹ" sílẹ̀.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ìwọ ni," ó ní, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí èmi nìkan ni olè? Ìyàwó mi fẹ́ bímọ, owó ṣọ́ọ̀bù ti tó san. Gbogbo rẹ̀ ni màá kó lọ́tẹ̀ yìí. Bí ìyẹn ò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo mọ ọ́fíìsì Alhaji ní Marina, mo lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀."

Mo sọ fún ọkọ mi pé gáàsì ti tán. Kí ni ǹ bá ṣe? Láti ìgbà yẹn lọ, mi ò rí kọ́bọ̀ nínú owó náà mọ́, mi ò sì lè jáwọ́. Bí mo bá gbọ́ tí ṣéènì àkàbà mì, màá ju ohun tí mo ń ṣe sílẹ̀. Bí Alhaji bá wọlé tó dákẹ́, màá rò pé ó ti gbọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Mo ń rù, ìyá mi sì ń bi mí bóyá mo ti lóyún.

Bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣú lọ́jọ́ kan, mo ń gbé àpótí Màmá wọlé fún un, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìyàwó."

"Màmá."

"Gáàsì yín yìí, kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí ọkọ ẹ ò bá sí nílé ló máa ń tán?"

Mo fi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ni, Màmá. Kò mọ ìgbà."

"Hùn ún," Màmá wí. Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó wá tẹ̀sùbáà rẹ̀ kàn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ́. Alhaji ti mọ́sáláṣí bọ̀, kò bọ́ agbádá, kò gba omi tí mo gbé fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó kọjú sí ẹ̀rọ náà.

"Mo dé ọ̀dọ̀ oníbàárà mi kan ní Ìkòyí lánàá," ó ní. "Ẹ̀rọ tiẹ̀ ti wà lára ògiri kí n tó ra tèmi. Mo bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló ti rọ gáàsì sí i. Ó ní òun ò rọ ọ́ rí."

Mo gbé omi náà kalẹ̀.

"Mo wá ń bọ̀ láti Jímọ̀, ẹnì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní Ẹnjiníà yẹn ń pe ìyàwó mi ní 'ìwọ' láti orí àkàbà, etí òun ló fi gbọ́. Àdìjátù, kí ni ọkùnrin yẹn ń wá ṣe?"

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ibẹ̀ ni mo ti lè gba ara mi là. Ká ní mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin níbẹ̀, kí n ní, "Owó yín la jọ ń jẹ, ẹ foríjì mí," ì bá bínú, ì bá pariwo, gbogbo rẹ̀ ì bá sì tán. Ẹ̀rù bà mí láti jẹ́ olè lójú rẹ̀.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe," mo ní.

Ó dìde. "Ó dáa. O máa búra."

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n pe Àáfà Bashiru, ẹni tó so yìgì wa, sí pálọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ mú Lùkúmọ̀n wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Màmá jókòó sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n ṣe àlùwàlá. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ara mi fúyẹ́ bí mo ti ń ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi kàn mí, mi ò dẹ́ṣẹ̀ náà. Lùkúmọ̀n ò fọwọ́ kàn mí rí, ògiri wà láàárín wa. Mo ní màá búra, ọ̀rọ̀ á sì parí.

Àáfà gbé Kùránì síwájú mi. "Gbé ọwọ́ lé e. Máa wí tẹ̀lé mi. Mo fi Ọlọ́hun búra."

"Mo fi Ọlọ́hun búra."

"Pé kò sí ohun ìkọ̀kọ̀ kankan láàárín èmi àti ọkùnrin yìí tí ọkọ mi ò mọ̀ sí."

Ká ní ó pè é ní àgbèrè ni, ǹ bá búra títí ilẹ̀ fi mọ́. Ohun ìkọ̀kọ̀ ló pè é. Ilé kéwú ni mo dàgbà sí, wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tó ń bẹ nínú kí èèyàn fi ọwọ́ lé ìwé yẹn kó purọ́. Mo fa ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀, gbogbo wọn sì ń wo ọwọ́ náà.

"Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà," mo ní. "Ẹ ní kí n búra pé mi ò bá a ṣe ìṣekúṣe. Màá búra."

"Kí n yí i padà?" Àáfà wo Alhaji. "Ìyàwó, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kì í yan ìbúra."

Ìgbà yẹn ni mo sunkún, tí mo sì sọ ọ́. Mo sọ ti náírà mẹ́rin, mo sọ ti ogójì, mo sọ bí a ṣe pín in. "Owó ni, Bàbá Sùrájù. Owó nìkan ni."

Alhaji wò mí bí ẹni tó ń wo àjèjì.

"Owó?" ó ní. "Ìgbà wo lo tọrọ owó lọ́wọ́ mi tí mi ò fún ọ?"

Inú rere rẹ̀ ló dá mi lẹ́bi.

Ó yíjú sí Lùkúmọ̀n. "Ṣé lóòótọ́ ni? Ẹ jọ ń jẹ owó mi?"

Lùkúmọ̀n ti ń làágùn látìgbà tó ti wọlé. Mo ń wò ó, mo ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Mo rí i tó ń rò ó. Ọkùnrin tí wọ́n bá ní ó ń yan ìyàwó oníyàwó lálè, wọ́n á bú u, wọ́n á tún gbé fíríìjì fún un. Oníṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n bá ní ó ń fi gáàsì jalè, ta ló máa pè é mọ́ ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó?

"Irọ́ ni, Alhaji," ó ní. "Gbogbo gáàsì tí mo gba owó rẹ̀, mo rọ ọ́. Ẹ béèrè mi ní Ìdúmọ̀tà. Iṣẹ́ mi mọ́."

"Kí wá ni ìwọ àti ìyàwó mi ń sọ?"

Lùkúmọ̀n wo ilẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ bá tèmi nínú pálọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lójú. Mo wọ́ dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, abẹ́ ibẹ̀ lẹ ń jókòó lójoojúmọ́. Ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lẹ́nu èmi àti ọkùnrin yìí rí? Ẹ bá mi sọ ọ́ nítorí Ọlọ́hun."

Màmá mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó fà á kọjá.

"Etí arúgbó ni," ó ní. "Kò gbọ́ nǹkan mọ́."

Alhaji ní òun ti kọ̀ mí. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, Àáfà ní, "Alhaji, ó tó," ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Sùrájù ń sùn nínú yàrá nígbà náà. Wọn ò jẹ́ kí n jí i.

Mo wà ní Èbúté Èrò báyìí, èmi àti ìyá mi jọ ń ta gààrí. Mo rí ìsọ̀ tí mo ń wá. Bí oníbàárà bá ń ṣàròyé pé wọ́n tún ní gáàsì ẹ̀rọ òun ti tán, màá dá a dúró. Màá ní kó sọ fún oníṣẹ́ náà pé kó fi ihò tí gáàsì gbà jò hàn án. Kó kọ́kọ́ fọ asẹ́. Kó bi ẹlòmíràn ní iye tó ń gbà kó tó sanwó, bí wọ́n bá sì pààrọ̀ nǹkan, kó gba ògbólógbòó rẹ̀. Kó dúró ti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kó má fi rán ìyàwó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín sí èyí tó kẹ́yìn, èmi ò ní í rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé mo ti mọ gbogbo ìtàn ara mi. Lẹ́yìn tí Alhaji fẹ́ ìyàwó mìíràn, wọ́n wá pè mí pé Màmá ń ṣàìsàn, kò sì fẹ́ rí ẹlòmíràn àfi èmi.

Ó ti gbẹ lórí ẹní. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Àdìjátù, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀," ó ní. "Látọjọ́ tó ti pè é ní náírà mẹ́rin. Ìwọ lo kọ́kọ́ dárúkọ gáàsì, mo gbọ́. Mo mọ̀ pé o ò bá a ṣe nǹkan kan."

"Màmá. Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Jíbrílù fẹ́ràn ẹ jù. Bó bá jẹ́ owó ni, ì bá forí jì ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwọ ì bá sì tún jà á lólè. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin mìíràn nìkan ló lè mú kó jẹ́ kó o lọ." Ó wá ọwọ́ mi kàn lórí ẹní. "Ọmọ mi ni. Mo fẹ́ kú báyìí, mi ò sì fẹ́ gbé e lọ. Foríjì mí."

"Ẹ pe Alhaji, Màmá. Ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀."

Ó mi orí rẹ̀ díẹ̀. "Ìyàwó rẹ̀ ti lóyún," ó ní.

Sùrájù ń ṣeré lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń pe ẹlòmíràn ní màmá. Lókè wa, ẹ̀rọ náà ń kùn, omi rẹ̀ ń kán sórí àpótí tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Màmá ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó ń dúró dè mí.

Mo ní mo forí jì í. Irọ́ tí mo pa kẹ́yìn nínú ilé yẹn nìyẹn.